Apá Kejìlá Arìnlókè

Láti ọdún mẹ́fà tí ẹgbẹ́ wa ti ń pàdé, n kò purọ́ nípa ìwé kankan rí. Bí ìwé bá dára, màá sọ pé ó dára. Bí kò bá dára, màá ti sọ ọ́ kí ẹni tó gbé e wá tó rí àga jókòó. Wọ́n ti mọ̀ mí mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, èmi yìí kan náà ni mo dìde níwájú àgbàlagbà mẹ́rin, tí mo ń fi gbogbo ẹnu yin Ọkùnrin Àpáta, ìwé tó tó ẹgbẹ̀rin ojú-ewé, tí akọni inú rẹ̀ kò sì ṣí ẹsẹ̀ kúrò lójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Iṣẹ́ ìdìwé ni mò ń ṣe, Aránwèé ni wọ́n sì ń pè mí. Ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí, tí òwú rẹ̀ ti já, tí ojú-ewé rẹ̀ ń jábọ́ bí eyín arúgbó, èmi ni wọ́n ń gbé e wá bá. Mo ní abẹ́rẹ́, òwú, gọ́ọ̀mù, ọ̀bẹ tó mú, àti irin ńlá kan tí mo fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ títí gọ́ọ̀mù á fi gbẹ. Lọ́sàn-án Sátidé, màá palẹ̀ tábìlì mọ́, ẹgbẹ́ wa á sì jókòó yí i ká. Kọ́míìkì la fẹ́ràn, pàápàá ti àwọn akọni tó ní agbára tí ènìyàn lásán kò ní. Kì í ṣe àwọn pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tẹ̀ jáde lóṣooṣù o. Àkójọ ni tiwa, ìyẹn nígbà tí wọ́n bá ti kó gbogbo apá ìtàn kan pọ̀, tó di ìwé ńlá kan ṣoṣo tí ènìyàn lè gbé lé itan kó sì gbàgbé oúnjẹ.

A ò pọ̀. Baba Panápaná wà níbẹ̀, tó fi ọgbọ̀n ọdún pa iná kó tó fẹ̀yìn tì, tí kò sì lè rí akọni tó wọ aṣọ gígùn tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn kó má pòṣé. "Irú aṣọ wo nìyí?" á ní. "Kí iná rí i báyìí, ó parí!" Télọ̀ wà níbẹ̀, obìnrin tó máa ń yẹ ojú rírán wò nínú àwòrán kó tó ka ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀gá ilé ìkàwé wà níbẹ̀, ọkùnrin tí kì í gbóhùn sókè, kódà nínú ilé ara rẹ̀. Ẹni tó kù ni àbúrò mi obìnrin, dókítà eyín. Òun ló máa ń sọ ìtàn akọni fún ẹni tó bá ti la ẹnu sílẹ̀ níwájú rẹ̀, torí ó mọ̀ pé onítọ̀hún kò lè bá òun jiyàn.

Lọ́dọọdún, ilé ìkàwé ń fún wa ní àyè ìwé kan lórí pẹpẹ rẹ̀. Àkójọ tí a bá yàn pé ó dára jù ni ọ̀gá máa rà ní tuntun fún gbogbo ará ìlú. Òfin wa kò gùn. Kálukú á gbé ìwé kan wá, á sì sọ̀rọ̀ lé e lórí títí omi tíì tó wà lórí sítóòfù á fi hó. Bí omi bá ti hó, kó panu mọ́. Lẹ́yìn náà, kálukú á gbé káàdì ilé ìkàwé rẹ̀ lé ìwé tó yàn. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé e lé ìwé tirẹ̀, torí bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ìwé kan náà ni àbúrò mi ń gbé wá lọ́dọọdún. Arìnlókè lorúkọ rẹ̀. Alágbàfọ̀ ni obìnrin inú ìtàn náà lójú gbogbo ayé, ṣùgbọ́n bó bá ti bọ́ bàtà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀ mọ́. Orí òrùlé ló ń gbà lọ bá àwọn ọ̀daràn, tòun ti ọmọ lẹ́yìn. Lójú-ewé tó kẹ́yìn, ilé alájà méje kan fẹ́ wó lé àwọn ọmọ ilé-ìwé lórí. Arìnlókè sọ ọmọ rẹ̀ kalẹ̀, ó fi ẹ̀yìn gbé ilé náà ró, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ máa lọ. Mò ń bọ̀." Ibẹ̀ ló parí sí. Àbúrò mi ní kò sí ìparí ìtàn tó dà bí ìyẹn láyé, a sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ títí a fi mọ̀ ọ́n lórí.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ibẹ̀ kọ́ ló parí sí. Apá mọ́kànlá ló wà nínú ìwé àbúrò mi, bẹ́ẹ̀ apá méjìlá ni Arìnlókè. Nínú apá kejìlá, ilé náà wó. Àwọn ọmọ yè, Arìnlókè kú, ọmọ rẹ̀ sì dúró létí sàréè, ó gbá bàtà ìyá rẹ̀ mọ́ àyà.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí apá yẹn jáde. Àbúrò mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, màmá wa sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kú ni. Èmi ni wọ́n rán lọ ra apá náà, èmi ni mo sì kọ́kọ́ kà á. Nígbà tí mo kà á tán, mo jó o níná. Mo wá kó mọ́kànlá tó kù jọ, mo mú abẹ́rẹ́ àti òwú dúdú látinú àpótí ìránṣọ màmá wa, mo rán wọn pọ̀ di ìwé kan. Nísàlẹ̀ ojú-ewé tó kẹ́yìn, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ìtàn ń tẹ̀ síwájú lóṣù tó ń bọ̀, mo lẹ bébà funfun mọ́ ọn, mo sì fi yíǹkì kọ "Ó PARÍ" sórí rẹ̀ gàdàgbà. Àbúrò mi gbà á, inú rẹ̀ dùn, ó gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí. Iṣẹ́ ìdìwé àkọ́kọ́ tí mo ṣe láyé nìyẹn, irọ́ ni mo sì fi ṣe é.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ Arìnlókè fi kógbá sílé. Kò sí ẹ̀dà mìíràn nítòsí wa, nítorí náà èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi rán ni gbogbo ẹgbẹ́ kà. Lọ́dọọdún, ọ̀gá ilé ìkàwé á mi orí, á ní, "A ò lè yan ohun tí a ò lè rí rà." Ọkàn mi á sì balẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀.

Àfìgbà tí ọ̀gá yìí kan náà wọlé tọ̀ mí wá lọ́jọ́ Túsìdeè, tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Wọ́n ti tún un tẹ̀," ó ní. "Arìnlókè. Àkójọ rẹ̀ lódindi. Mo ti ra ẹ̀dà kan pamọ́, bóyá á wọlé. Ẹ má sọ fún àbúrò yín o, mo fẹ́ kó yà á lẹ́nu."

Lódindi! N kò lè jẹun ọ̀sán ọjọ́ náà.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Àbúrò mi ti pé ọgbọ̀n ọdún, eyín ẹni ẹlẹ́ni ló ń fà jẹun, kí ni ikú obìnrin inú ìwé fẹ́ fi í ṣe? Ikú yẹn kọ́ ni mò ń bẹ̀rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé yóò wò mí lójú, yóò sì mọ̀ pé ọdún méjìlélógún ni ẹ̀gbọ́n òun fi jókòó, tó ń gbọ́ bí òun ṣe ń fi irọ́ yangàn, tí kò sì la ẹnu. Kò sẹ́ni tí ọmọ yìí gbà gbọ́ tó mi láyé. N kò fẹ́ kí ìyẹn bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Nítorí náà, Arìnlókè kò gbọdọ̀ wọlé, àní bó bá gbà kí n yin òkúta.

Lọ́jọ́ Sátidé, Baba Panápaná ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Akọni tirẹ̀ ń tu omi látẹnu. "Òun nìkan ló ní làákàyè nínú gbogbo wọn," ó ní. "Ẹ wo ojú-ewé ogójì. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀kùn wò kó tó ṣí i! Kí la tún ń wá?" Télọ̀ bi í pé kí ló dé tí àwọn obìnrin inú ìwé náà fi ń wọ bàtà gogoro sá fún iná. Omi hó kí Baba tó rí èsì fọ̀.

Télọ̀ gbé ìtàn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì kan wá, àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ gígùn rán ojú ọ̀run tó ya. Ó ní ẹni tó ya àwòrán náà ti jókòó ti máṣíìnì rí, kò sẹ́ni tó lè tan òun jẹ. Ọ̀gá ilé ìkàwé sọ̀rọ̀ tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ariwo omi tíì bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. A gbọ́ "akọni," a gbọ́ "gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ," omi sì hó. A pàtẹ́wọ́ fún un tọkàntọkàn.

Ó wá kàn mí. Mo gbé Ọkùnrin Àpáta kalẹ̀, tábìlì mì.

"Ẹ̀gbọ́n mi," àbúrò mi ní, "ṣé ìwé tí ẹ fi ń há ilẹ̀kùn kọ́ nìyẹn?"

"Mo ti tún un kà."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí atẹ́gùn ò fẹ́." Mo kọjú sí àwọn yòókù. "Ẹ sọ fún mi, akọni wo ló ní sùúrù tó báyìí? Àwọn ọ̀tá dé, wọ́n lù ú, ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n lọ. Ṣé ìyẹn kì í ṣe ọgbọ́n? Ẹ wo ojú-ewé igba. Òjò rọ̀ lé e lórí, kò yẹ̀. Ojú-ewé ọ̀ọ́dúnrún, òjò dá."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn?" Télọ̀ bi mí.

"Ó gbẹ," mo ní.

Baba Panápaná gbà pé kò sí ewu iná níbẹ̀ lóòótọ́. Mo sọ̀rọ̀ títí òógùn fi bò mí. Mo pè é ní àwòkọ́ṣe fún àwọn ọ̀dọ́, mo ní ẹni tí kò bá kà á kò tíì mọ ohun tí ìdúróṣinṣin ń jẹ́. Mo tiẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Èmi! Àbúrò mi kàn ń wò mí, bó ṣe máa ń wo ẹni tó ní eyín kò dun òun mọ́.

Lẹ́yìn náà ló dìde, ó gbé ọwọ́ lé Arìnlókè. Mo rọra na ọwọ́ sẹ́yìn, mo yí iná sítóòfù sókè pátápátá.

"Gbogbo akọni yòókù," ó ní, "wọ́n á pa wọ́n ká lè sunkún. Tó bá dóṣù kejì, wọ́n á tún jí wọn dìde ká lè rà á. Ẹni tó kọ èyí nìkan ni kò fi wá ṣeré. Obìnrin yẹn ní òun ń bọ̀, ibẹ̀ ló sì fi wá sí ká gbà á gbọ́. Nígbà tí màmá wa kú, ojoojúmọ́ ni mo ń ṣí ojú-ewé yìí. Mi ò rò pé màmá ń bọ̀ o, mi ò gọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ̀ pé ìyá ẹnì kan ṣì wà níbì kan, tó gbé ilé ró, tó ń rẹ́rìn-ín."

"Ta ló yí iná yìí báyìí?" Baba Panápaná figbe ta. "Aránwèé! Ṣé o fẹ́ dáná sun wá ni? Pẹ̀lú gbogbo bébà yìí?"

Omi hó, ṣùgbọ́n ó ti sọ̀rọ̀ tán. Télọ̀ ti ń fi gèlè nu ojú.

A dìbò. Mo gbé káàdì mi lé ìwé Télọ̀. Baba Panápaná gbé tirẹ̀ lé Arìnlókè, ó ní, "Obìnrin yẹn mọ iṣẹ́. Ọmọdé ṣáájú, ara ẹni kẹ́yìn." Télọ̀ gbé e lé Arìnlókè. Ọ̀gá ilé ìkàwé náà gbé e lé e. Àbúrò mi ló kù. Ó mú káàdì rẹ̀, ó sì gbé e lé Ọkùnrin Àpáta.

Gbogbo wa yíjú wò ó.

"Kí lẹ ń wò?" ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi ò bẹ ẹnikẹ́ni fún nǹkan kan rí. Tó bá wù wọ́n tó báyìí, á jẹ́ pé ojú mi ni ò ríran."

Ojú tì mí débi pé, ká ní irin tí mo fi ń tẹ ìwé gbà mí ni, mi ò bá wọ abẹ́ rẹ̀.

Omi ti tán lẹ́yìn ẹja. Ọ̀gá ilé ìkàwé ṣí báàgì rẹ̀, ó fa Arìnlókè tuntun yọ, àbúrò mi sì kígbe débi pé ọkùnrin náà fi ìka lé ètè láti dá a lẹ́kun. Àbúrò mi na ọwọ́ láti gbà á. Mo yára já a gbà.

"A kì í yá ẹnikẹ́ni ní ìwé ilé ìkàwé tí a ò tíì fi ọ̀rá bo ẹ̀yìn rẹ̀," mo ní.

Ọ̀gá ilé ìkàwé ronú sí i. "Òótọ́ ni," ó ní. "Òfin ni."

"Ó yá, ẹ bò ó," àbúrò mi ní. "Tí mo bá ti yọ eyín aago mẹ́wàá tán lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ti dé."

Ní Mọ́ńdè, mo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Mo gbé ìwé náà sórí tábìlì, mo mú ọ̀bẹ. Kí ènìyàn gé òwú láàárín apá kejìlá, kó fà á yọ, kó fi gọ́ọ̀mù sí i, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni fún mi, kò sì sí ẹni tí ojú rẹ̀ máa tó o. Mo ṣí i síbẹ̀. Mo rí ọmọ yẹn pẹ̀lú bàtà ìyá rẹ̀. Mo wá rántí káàdì tí àbúrò mi gbé lé Ọkùnrin Àpáta nítorí tèmi nìkan, ọwọ́ mi sì kọ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń lé e bá. Tèmi ti fi ọdún méjì lé e. Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, mo fi ọ̀rá bo ẹ̀yìn ìwé náà bó ti yẹ, mo sì jókòó.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ nígbà tó wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn. Ó gbé ìwé náà, ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́ wò.

"Kí ló dé tó fi nípọn ju tiwa lọ?"

"Apá kan wà tí n kò dì mọ́ tiwa," mo ní. "Èmi ni mo yọ ọ́. Èmi ni mo kọ 'Ó parí' síbẹ̀, òǹkọ̀wé kọ́. Obìnrin yẹn kò padà wá. Ó kú."

Kò tiẹ̀ jókòó. Ó ṣí i láti ẹ̀yìn, ó wá ibi tí apá kejìlá ti bẹ̀rẹ̀, ó sì kà á lóòró. Mò ń ka ojú-ewé tó ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ibi sàréè, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó pa ìwé náà dé, ó sì gbé e sórí tábìlì jẹ́jẹ́.

"Ṣé ẹ mọ iye ènìyàn tí mo ti sọ fún pé obìnrin yìí ń bọ̀?" ó ní. "Ọdún méje ni mo ti ń yọ eyín! Àwọn tí abẹ́rẹ́ ti pa ẹnu wọn kú, wọn ò lè bi mí léèrè ọ̀rọ̀!" Ẹ̀rín pa á. N kò mọ̀ bóyá kí n bá a rẹ́rìn-ín ni àbí kí n dọ̀bálẹ̀.

"Bínú sí mi," mo ní. "Ó tọ́ sí mi."

"Màá bínú. Ẹ má ṣèyọnu, màá bínú dáadáa." Ó fa àga sọ́dọ̀ mi, ó jókòó. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní nǹkan kan. Nígbà tí ẹ kà á, ta ló wà lọ́dọ̀ yín?"

"Nígbà wo?"

"Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ kà á. Ta ló jókòó tì yín?"

Mo fẹ́ sọ pé bàbá wa wà nílé, ṣùgbọ́n kò sí nílé. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà nígbà náà, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló fi ń wà lójú ọ̀nà. Mo rántí yàrá ìdáná, mo rántí àpótí tí mo jókòó lé.

"Kò sí ẹnì kankan," mo ní.

"Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ẹ wá ka èyí, ẹ̀yin nìkan. Ẹ sì tún dìde, ẹ lọ wá abẹ́rẹ́ tí ẹ máa fi rán tèmi."

Láti ọdún méjìlélógún, mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn: bí mo ṣe tan ọmọ jẹ, bí mo ṣe máa ṣàlàyé, bí ojú rẹ̀ ṣe máa rí. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ọmọ méjì ni ìyá wọn kú nínú ilé yẹn. Mo fẹ́ sọ fún un pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, pé ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n kò dúró gbọ́.

Ó yọ fóònù rẹ̀ jáde, ó pe ilé ìwòsàn. "Ẹ sọ fún aláago mọ́kànlá kó dúró dè mí," ó ní. "Eyín rẹ̀ ò lè dá rìn lọ." Lẹ́yìn náà, ó tún ṣí ìwé náà síbi tí apá kejìlá ti bẹ̀rẹ̀, ó gbé e sáàárín àwa méjèèjì.

"Ó yá, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Ẹ sún mọ́ mi, ẹ jẹ́ ká jọ kà á."

Mo ka ìlà méjì, n kò rí ìlà kẹta mọ́, ẹkún ti gbà mí lójú. Àbúrò mi fi apá kan gbá mi mọ́ra, ó fi ọwọ́ kejì di ìwé náà mú, ó sì kà á sókè fún mi títí ó fi parí.